Okùn Tí Kò Ní Iyọ̀

"Kò jẹ̀bi," ni Kògbè wí.

Ohùn ẹ̀rọ náà kì í le, bẹ́ẹ̀ ni kì í rọ̀. Bó ṣe ń dá ẹjọ́ ẹni tó jí ẹja gbígbẹ ló ṣe ń dá ẹjọ́ ẹni tó pààyàn, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ará Orí-Ọ̀sà fi sọ ọ́ ní Kògbè, nítorí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ó ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ báyìí. Awo gíláàsì iwájú rẹ̀ tàn, ó ń dúró de àtẹ́lẹwọ́ Ìbídùn, torí pé ẹ̀rọ lè dájọ́ ní ìlú yẹn o, ọwọ́ èèyàn ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ kó tó di òfin.

Ìbídùn kò nawọ́. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń ṣe afọwọ́tẹ̀ ní Ilé Ìwọ̀n, kò sì tíì sí ẹjọ́ kan tó dá a dúró fún ìṣẹ́jú kan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a tilẹ̀ máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí wọ́n bá gbé ọwọ́ rẹ̀ nìkan wá síbi iṣẹ́, kí òun máa sùn nílé, iṣẹ́ á ṣì máa lọ. Lónìí, ó gbé ọwọ́ náà lé itan, ó ń wo okùn tó wà lórí tábìlì.

Ẹjọ́ tí kò le ni. Ẹnikẹ́ni tó bá kú sómi ní Orí-Ọ̀sà, dandan ni kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá síwájú Kògbè kí ìdílé rẹ̀ tó lè gba ìwé ikú. Bàbá Ọdẹ́yalé, àgbàlagbà tó ń tún àwọ̀n ṣe, ló kú. Mọrẹ́nikẹ́ ọmọ rẹ̀ jókòó ní apá ọ̀tún, ó gbé fìlà baba rẹ̀ lé orúnkún. Fọlárànmí aládùúgbò wọn jókòó ní apá òsì, òun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá láre. Kò sẹ́ni tí kò mọ Fọlárànmí ládùúgbò yẹn. Òun ló ń tún sólà orí òrùlé wọn ṣe, kì í sì í pẹ́ dé bí wọ́n bá pè é. Ó ti fá irùngbọ̀n, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó jókòó bí ẹni tó wá gba ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́.

"Afọwọ́tẹ̀," ni Kògbè tún wí, "ẹjọ́ ti parí. Tẹ̀ ẹ́."

"Mo gbọ́. Tún un kà fún mi."

"Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ̀ẹ̀kẹta ò ní fún ọ ní ẹ̀fọ́rí."

Ọ̀gá Akínrìnmádé, àgbàlagbà tó jẹ́ olórí Ilé Ìwọ̀n, wúkọ́ níbi tó jókòó sí lẹ́yìn. Oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ ń tutù. Kògbè sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

"Lọ́jọ́ kejìlá oṣù tó kọjá, ní agogo méje àárọ̀, Ọdẹ́yalé ṣubú sínú omi tó wà láàárín ilé rẹ̀ àti ilé Fọlárànmí. Omi ń fà lọ sí òkun. Etí mi tó wà lára òpó àdúgbò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ké 'ẹ gbà mí' lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó pe orúkọ Fọlárànmí lẹ́ẹ̀mejì. Fọlárànmí wà lórí fàráńdà rẹ̀. Ó ní òun ju okùn, okùn ò bá a. Bó jù ú, bí kò jù ú, mi ò wádìí rẹ̀, torí ìwé ọkàn rẹ̀ kò béèrè okùn lọ́wọ́ rẹ̀."

Lẹ́yìn náà, ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan gba inú yàrá. Ohùn Fọlárànmí fúnra rẹ̀ ni, láti ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn, lọ́jọ́ tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún tó lọ sọ òfin ara rẹ̀ sétí ẹ̀rọ bí gbogbo ọmọ ìlú ti ń ṣe, òfin tí wọ́n ń pè ní ìwé ọkàn, tí ẹ̀rọ á sì máa fi dá a lẹ́jọ́.

"Ohun tí mo bá bàjẹ́, èmi ni n ó tún un ṣe. Ohun tí n kò bàjẹ́, n kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àtúnṣe rẹ̀. Ẹni tí n kò bá bá ṣàdéhùn, kò sí ohun tó lè béèrè lọ́wọ́ mi. Irọ́ tí kò bá pa ẹnikẹ́ni lára kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Òfin mi nìyí, èmi ni mo ṣe é."

Fọlárànmí àgbà ń wo ilẹ̀ nígbà tí Fọlárànmí ọ̀dọ́ ń fọ́nnu.

"Màdáámù," ni Mọrẹ́nikẹ́ wí jẹ́jẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí n máa lọ. Ọ̀gbẹ́ni yìí ò ṣe wá ní nǹkan kan. Wọ́n gbìyànjú. Mo ti kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Gbólóhùn yẹn ló gbé Ìbídùn dìde. Ó rìn lọ síbi tábìlì, ó gbé okùn náà.

Kò sí ilé kan ní Orí-Ọ̀sà tí kò ní okùn lẹ́nu ọ̀nà, a ó so igi fúyẹ́ kan mọ́ orí rẹ̀ kó lè léfòó. Àlejò kì í kí onílé kó tó fọwọ́ kan okùn náà. Ọmọ tó bá fi í ṣeré á jẹgba. Ẹnikẹ́ni kì í fi sá aṣọ, okùn náà kì í sì í kan omi àfi bí èèyàn bá wà nínú omi. Kò sí ìwé ọkàn ẹnikẹ́ni tí wọ́n ti kọ ọ́. Àwọn àgbà tó kọ́kọ́ sá gun orí omi nígbà tí òkun gba ilẹ̀ wọn ló fi lélẹ̀, wọn ò sì bi ẹnikẹ́ni bóyá ó bá a lára mu. Okùn tó bá ti gba èèyàn rí, iyọ̀ ọ̀sà á gbẹ mọ́ ọn lára, á funfun bí ewú orí, àwọn ọmọ ilé náà á sì máa fi yangàn fún àwọn ọmọ ilé kejì. Okùn ilé ìyá Ìbídùn funfun. Òun náà ti mu omi ọ̀sà yó nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, ní àdúgbò tí kì í ṣe tiwọn, ẹni tó fà á jáde gbá a létí lẹ́ẹ̀kan fún àìgbọràn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Títí di òní kò mọ orúkọ onítọ̀hún.

"Àwọn aládùúgbò ní okùn yìí ń kán tótó lára èèkàn nígbà tí wọ́n dé," ni Ìbídùn wí. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, màdáámù," ni Fọlárànmí dáhùn.

"Òjò ò rọ̀ láti ìgbà náà. Ọyẹ́ là ń bá yí. Ṣé ẹnì kan fọ̀ ọ́?"

"Ta ló máa ń fọ okùn ẹnu ọ̀nà?"

"Èmi náà ń bi ara mi."

Okùn náà pọ́n bíi ti ọjọ́ tí wọ́n rà á. Ìbídùn gbé e sẹ́nu, ó lá a. Ọ̀gá Akínrìnmádé fò dìde bí ẹni tí ìjàlọ ta. Ìbídùn tún ibòmíràn lá, nítòsí igi fúyẹ́ orí rẹ̀, ó fara balẹ̀ bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Eruku ló tọ́ wò lára rẹ̀, àti èéfín ilé ìdáná. Kò sí iyọ̀ níbẹ̀ rárá.

"Omi wo lẹ fi rẹ ẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Fọlárànmí?"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a, oṣù kan péré sì ni ti Fọlárànmí lò kó tó rẹ̀ ẹ́.

"Omi àgbá," ó wí níkẹyìn. "Omi òjò tó wà lẹ́yìn ilé mi."

"Kí ló dé?"

"Mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn lórí pákó. Wọ́n ń sáré bọ̀."

"Ọ̀sà wà níwájú yín, ẹ wá lọ sí ẹ̀yìn ilé."

"Mi ò lè sún mọ́ etí omi." Ó fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú. "Ọwọ́ baba yẹn ṣì wà níta omi, màdáámù. Mo ń rí i."

Fìlà já bọ́ lórúnkún Mọrẹ́nikẹ́. Kò bẹ̀rẹ̀ mú un.

"Ẹ ò jù ú," ó wí.

"Mọrẹ́nikẹ́..."

"Ẹ bá mi gbé pósí. Ẹ jẹun nílé wa. Mo kúnlẹ̀ fún yín níwájú gbogbo èèyàn, ẹ ní kí n dìde, ẹ ní kò tó nǹkan." Ohùn rẹ̀ kò ròkè, ìyẹn ló mú kó ṣòro láti gbọ́. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pe orúkọ yín. Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mo gbé tíì dání. Mo rò pé ẹlòmíràn á ti gbọ́. Mo ní kì í ṣe èmi ni mo tì í, mo tún un sọ fún ara mi, nígbà tí mo fi máa sọ ọ́ tán..."

Ìbídùn yíjú sí ẹ̀rọ. "O gbọ́ ọ."

"Mo gbọ́," ni Kògbè wí. "Kò yí nǹkan kan padà. Kò tì í. Kò bá a ṣàdéhùn. Irọ́ okùn kò pa ẹnikẹ́ni lára, torí baba náà ti kú kó tó parọ́ náà. Kò jẹ̀bi. Tẹ̀ ẹ́."

"Bí kò bá jẹ̀bi, ta ló ń sá fún nígbà tó rẹ okùn?"

"Ohùn rẹ̀ fi hàn pé ojú ń tì í. Mo ti wá ìtìjú nínú ìwé ọkàn rẹ̀. Kò sí níbẹ̀."

"Ibo ló ti wá bá a nígbà náà?"

"Ìbéèrè yìí kò sí lára ẹjọ́," ni Kògbè wí.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó yé ọkùnrin yìí. Ó yé e láti orí fàráńdà rẹ̀, tíì lọ́wọ́. Ìwọ nìkan ni kò yé."

"Òwe kì í ṣe òfin. Ìwé ọkàn ta ni wọ́n ti kọ ọ́?"

Ọ̀gá Akínrìnmádé ti dé ẹ̀gbẹ́ Ìbídùn. Ó di apá rẹ̀ mú, ó fà á lọ síbi fèrèsé, níbi tí wọ́n ti ń wo omi tó yí Ilé Ìwọ̀n ká. Ààrin ọ̀sà gan-an ni wọ́n kọ́ ilé náà sí kó má bàa wà ládùúgbò ẹnikẹ́ni. Afárá kan ṣoṣo ló so ó mọ́ ìlú, ó sì máa ń ká ara rẹ̀ sókè bí kò bá rí ọwọ́ tó mọ̀.

"Ìbídùn, ọmọ mi, ara mi náà bù máṣọ. Ṣùgbọ́n ìwọ ò rí Ogun Ta-ló-jàre."

"Ẹ ti sọ fún wa, Bàbá."

"N ó tún un sọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Àwọn tó wá pa bàbá mi gbàdúrà lẹ́nu ọ̀nà wa kí wọ́n tó wọlé. Wọn ò mutí. Wọn ò jí nǹkan. Ó dá wọn lójú pé rere làwọn ń ṣe, àwọn tiwa náà sì lọ ṣe rere tiwọn fún ìyá àwọn ẹlòmíràn. Ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí òkú ò níye mọ́, la wá ní ó tó, kí olúkúlùkù máa fi ìwọ̀n ara rẹ̀ wọn ara rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tún gbé ìwọ̀n tirẹ̀ lọ sílé ẹlòmíràn mọ́. Láti ìgbà náà, a ń sùn."

"Ohun tí wọ́n ṣe sí bàbá yín, ṣé ó burú?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Ìwọ̀n ara wọn ní kò burú. Wọ́n gbàdúrà sí i. Ṣé ó burú?"

Ojú baba náà pọ́n. Ìbídùn mọ̀ pé òun ti fi ìka kan egbò, ó dùn ún, àmọ́ kò yọ ọ́ kúrò.

"Ó burú," ni Ọ̀gá Akínrìnmádé wí.

"Ṣé torí pé ìwé ọkàn yín ní ó burú ni?"

Ẹja kan ta nínú omi nísàlẹ̀. Baba náà ń wò ó bí ẹni tí ìdáhùn wà lẹ́nu ẹja.

"Bí a bá ṣí ilẹ̀kùn yẹn, wọn á padà wá," ó wí. "Àwọn tó dá lójú."

"Mi ò ní kí ẹ pa á, Bàbá. Mi ò ní kí ẹ nà án, mi ò tilẹ̀ ní kí ẹ tì í mọ́lé. Ohun tí mo sọ kò ju pé mi ò ní fi ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́ pé kò ṣe nǹkan kan. Ó ṣe nǹkan. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Ẹ wò ó."

Wọ́n wò ó. Fọlárànmí ti kúnlẹ̀, ó ń gbọn eruku ara fìlà baba olóògbé, Mọrẹ́nikẹ́ sì ń wò ó láìgba fìlà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Afọwọ́tẹ̀," ni Kògbè wí, "ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí. Ṣé o kọ̀?"

"Mo kọ̀."

Awo gíláàsì yí àwọ̀ padà láti funfun sí pupa rúsúrúsú. Ohùn mìíràn bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá, ohùn ọmọbìnrin tó ń yára sọ̀rọ̀, ara Ìbídùn sì bù máṣọ kí gbólóhùn àkọ́kọ́ tó parí. Ó rántí ọjọ́ náà dáadáa. Bàtà aláwọ̀ ìyeyè ló wọ̀. Ó ti dúró níwájú dígí fún ọjọ́ mẹ́ta, tó ń kọ́ ọ̀rọ̀ náà sórí, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì pàtẹ́wọ́ fún un nígbà tó sọ ọ́, torí kò sí ẹni tí ìwé ọkàn rẹ̀ gbọ́n tó tirẹ̀ lọ́dún yẹn.

"Èmi Ìbídùn, n kò ní fi ìwọ̀n ara mi wọn ẹlòmíràn láé. Ohun tó dára lójú mi, ojú mi ló mọ. Bí mo bá fi ṣe òfin fún ẹlòmíràn, kí wọ́n dá mi lẹ́bi."

"O ti fi ìwọ̀n ara rẹ wọn Fọlárànmí," ni Kògbè wí. "Ìwé ara rẹ lo rú, kì í ṣe ìwé ẹnikẹ́ni. O jẹ̀bi. Ẹjọ́ yìí náà ń dúró de àtẹ́lẹwọ́, ìwọ nìkan sì ni afọwọ́tẹ̀ tó wà níbí."

Ọ̀gá Akínrìnmádé sáré dé àárín Ìbídùn àti gíláàsì. "Má tẹ̀ ẹ́. Sọ pé ara rẹ ò yá. Sọ pé ọyẹ́ ti wọ̀ ọ́ lórí, n ó jẹ́rìí sí i. Tó o bá tẹ èyí, iná ọwọ́ rẹ á kú. O ò ní lè ṣílẹ̀kùn ilé ara rẹ. Ẹ̀rọ omi ò ní dá ọ lóhùn. Ta ló máa gbà ọ́ ṣiṣẹ́?"

Ìbídùn wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Iná kékeré tó wà lábẹ́ awọ ibẹ̀, tí àwọn ẹ̀rọ ìlú fi ń dá a mọ̀, ń mí, bó ti ń mí láti ọmọdé. Ẹ̀rù bà á. Kò sí ìdí láti pa á mọ́. Ó lè tẹ ẹjọ́ Fọlárànmí nísinsìnyí, kí gbogbo rẹ̀ tán, kó lọ sílé lọ se ìrẹsì. Mọrẹ́nikẹ́ á gba ìwé ikú. Okùn tí kò ní iyọ̀ á padà sẹ́nu ọ̀nà, àlejò á máa fọwọ́ kàn án, á máa kí onílé.

"Ẹ yàgò, Bàbá," ó wí.

Baba náà kò yàgò. Ìbídùn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó gbé ọwọ́ lé gíláàsì, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí.

"Mo jẹ̀bi," ó wí. "Èmi ni mo kọ ìwé yẹn, ẹnikẹ́ni ò tì mí. Mo sì ti rú u lónìí. Ṣùgbọ́n kọ èyí mọ́ ọn: ohun tí mo ṣe dára."

"Gbólóhùn méjèèjì kò lè jẹ́ òótọ́ papọ̀."

"Òótọ́ ni méjèèjì. Ìwé mi ló kéré. Wá àyè fún un nínú ara rẹ."

Iná abẹ́ awọ rẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Kò dùn ún rárá. Ó yà á lẹ́nu pé kò dùn ún.

Kògbè ní kí àwọn tí ẹjọ́ wọn kò tíì gba ọwọ́ máa lọ sílé, wọn ó pè wọ́n nígbà tí afọwọ́tẹ̀ mìíràn bá dé. Afárá sọ̀. Mọrẹ́nikẹ́ kọ́kọ́ kọjá. Fọlárànmí dúró títí obìnrin náà fi dé òdì kejì kó tó tẹ̀lé e, fìlà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Ìbídùn gbé ẹsẹ̀ sí i, afárá náà ká ara rẹ̀ sókè lójú rẹ̀, ó dúró gbọnrangandan.

"Mo lè ní kí Kògbè tan ọwọ́ rẹ fún ẹjọ́ kan ṣoṣo," ni Ọ̀gá Akínrìnmádé wí láti ẹnu ọ̀nà. Ó ti rẹ̀ ẹ́. "Ẹjọ́ Fọlárànmí. Tẹ̀ ẹ́, afárá á sọ̀."

"Bí mi ò bá tẹ̀ ẹ́?"

"O ó wà níbí títí a ó fi mọ ohun tí a ó ṣe sí ọ. Kò sẹ́ni tó máa fìyà jẹ ọ́. A ó máa gbé oúnjẹ wá."

"Ẹ ṣeun, Bàbá." Ìbídùn padà wọlé, ó gbé okùn lórí tábìlì.

"Ẹ̀rí ni ìyẹn o."

"Kògbè ní ẹjọ́ ti parí. Ẹjọ́ tó ti parí kò ní ẹ̀rí mọ́."

Baba náà tẹ̀lé e títí dé etí pèpéle, ó ń pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ò sì kan án. Omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà lọ sí òkun, gẹ́gẹ́ bó ti ń fà láàárọ̀ ọjọ́ kejìlá. Láti ibẹ̀ dé pákó òdì kejì kò ju ogún ìgbésẹ̀ lọ. Ìbídùn mọ̀ ọ́n wẹ̀, gbogbo ọmọ Orí-Ọ̀sà ló mọ̀ ọ́n wẹ̀, Bàbá Ọdẹ́yalé pẹ̀lú. Ó bọ́ bàtà. Ó so ìdí okùn mọ́ ìbàdí, ó fi orí tó ní igi fúyẹ́ yí lókè, ó sì jù ú.

Igi náà balẹ̀ gbì lórí pákó, ó yí gbirigbiri, ó dúró nítòsí ẹsẹ̀ Mọrẹ́nikẹ́ tó ṣì dúró níbẹ̀ tó ń wò wọ́n. Mọrẹ́nikẹ́ ò béèrè nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, Ìbídùn sì bẹ́ somi.

Ó tutù ju bó ti rò lọ. Ìgbì gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ fẹ̀, ó wúwo, okùn fún un níbàdí. Nígbà tó yọrí, ó rí Mọrẹ́nikẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ lórí pákó tútù, tó ń sún mọ́ etí díẹ̀díẹ̀. Obìnrin tín-ín-rín ni. Omi wọ Ìbídùn lẹ́nu. Ó wá mọ̀ pé òun ti fa obìnrin kejì wọ inú ewu, ó gbé ọwọ́ sí kókó okùn níbàdí láti tú u, kókó náà ti rin, kò tú.

Fọlárànmí ti rìn jìnnà díẹ̀ lójú pákó. Ó dúró. Ó kọjú sí wọn, ó wo omi.

"Fọlárànmí," ni Kògbè wí láti ara òpó àdúgbò, ní ohùn tí kì í le tí kì í rọ̀, "ìwọ kọ́ lo tì í. O ò bá a ṣàdéhùn. Ìwé ọkàn rẹ kò béèrè èyí lọ́wọ́ rẹ."

"Mo mọ̀," ni Fọlárànmí wí.

Ó fi fìlà bọ orí èèkàn kan, ó sáré padà, ó di okùn mú lẹ́yìn Mọrẹ́nikẹ́, ó sì fi gìgísẹ̀ gún pákó. Obìnrin náà mọ ẹni tó wà lẹ́yìn òun. Kò bojú wẹ̀yìn, kò sì fi okùn sílẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ fà á, ìgbésẹ̀ kan, ìgbésẹ̀ kan, títí ọwọ́ Ìbídùn fi ba etí pákó, tí wọ́n di apá rẹ̀ mú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí wọ́n gbé e gùnkè.

Ó dojú bolẹ̀, ó ń pọ omi. Nígbà tó lè mí dáadáa, ó gbé okùn tó wà nítòsí ẹnu rẹ̀, ó lá a, ó sì rẹ́rìn-ín. Mọrẹ́nikẹ́ ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Òdì kejì, Ọ̀gá Akínrìnmádé dúró létí pèpéle, ó fi ọwọ́ méjèèjì dorí mú.

Fọlárànmí nìkan ni kò jókòó. Ó lọ dúró níwájú òpó, omi okùn ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kọ ọ́ pé mo jẹ̀bi," ó wí.

"Lójú ìwé wo?" ni Kògbè bi í.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni baba yẹn pe orúkọ mi," ni Fọlárànmí wí. "Ìwọ náà lo kà á."